Ọ̀rọ̀ Diamantina kọjá iye ènìyàn
Mi ò fara mọ́ àbá ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi pé kí wọ́n da ìjọba ìbílẹ̀ Diamantina ní Queensland, Ọsirélíà, pọ̀ mọ́ ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ torí pé àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 300. Ilẹ̀ tó lé ní 94,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ni ìjọba ìbílẹ̀ náà ń mójú tó, púpọ̀ nínú ọ̀nà ibẹ̀ ni kò sì ní ọ̀dà, débi pé bí odò Diamantina bá kún tó sì fà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Bedourie àti Birdsville, àwọn ìlú kékeré ibẹ̀, ló ń tún ọ̀nà náà ṣe. Òótọ́ ni ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi sọ pé owó ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà kò lè gbọ́ bùkátà wọn láìsí ìrànwọ́ ìjọba ńlá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, tí wọ́n sì gbé ọ́fíìsì lọ síbòmíràn, ṣé ọ̀nà yóò kúrú ni? Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá (kì í ṣe àsìkò eré ẹṣin oṣù Kẹsàn-án tí èrò máa ń ya wọ Birdsville), katakata tó ń tẹ́ ojú ọ̀nà nìkan ni mo pàdé fún ọ̀pọ̀ wákàtí.