Èmi Kì í Ta Hámọ́ọ̀kì

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ mi síbí, ìbéèrè kan náà ló máa ń kún abẹ́ rẹ̀. "Àǹtí, èló lẹ ń tà á?" "Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Èkó?" Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, kí òun máa bá mi tà á n'Ìbàdàn. Ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ mi ò tà á. Ẹ tún fọ́tò náà wò dáadáa: aṣọ onígun mẹ́rin kékeré yẹn kì í ṣe báàgì, kì í ṣe ìbòrí ọmọdé. Ibùsùn eku ni. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ la máa ń so mọ́ irin kéèjì, eku á gun inú rẹ̀, á ká jọ, á sùn. Hámọ́ọ̀kì làwa tá à ń sin eku ń pè é.

Mẹ́ta ni wọ́n, obìnrin ni gbogbo wọn: Ògì, Dòdò àti Àmàlà. Ẹni tó bá rí àwọ̀ ara wọn kò ní béèrè èwo ló ń jẹ́ èwo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi l'Abẹ́òkúta pé mo ń sin eku nílùú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá owó oṣù mi ò tó ra ẹran ni. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé mi ò ní pa wọ́n jẹ, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ fi oríkì ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe di oúnjẹ nìyẹn.

Mọ́mì ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ láti ilé, wọ́n á di àjákù aṣọ sínú ọ̀rá fún mi: oníko, alábẹ́rẹ́, nígbà míì ẹlẹ́kọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò jáde dáadáa tí oníbàárà kọ̀. Èyí tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò àná, alábẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ bá fi ìka pa á, ẹ ó ṣì mọ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Mo máa ń kọ́kọ́ fọ aṣọ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, nítorí kì í ṣe elú nìkan la fi ń rẹ aṣọ láró mọ́ láyé ìsinsìnyí, sóódà wà níbẹ̀, àwọn tèmi sì rèé, kò sí ohun tí wọn kì í fẹnu tọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni màá rán fílíìsì mọ́ ọn lẹ́yìn, aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, torí fílíìsì kì í tú. Òwú tó bá tú ni ọ̀tá wa. Ó lè wé mọ́ ọmọ ìka eku títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè débẹ̀ mọ́. Króṣéè ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́, àmọ́ kì í wọ inú kéèjì, nítorí ihò ara rẹ̀ máa ń há wọn léèékánná. Orí àga tèmi ló ń gbé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi iṣẹ́ mi ṣe. Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun dídàgbà títí dọjọ́ ikú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tá a so síbẹ̀ tí wọn ò ní gé. Àmàlà ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Á dá ihò lu sí àárín gbùngbùn, níbi tí mo ti fara balẹ̀ rán jù lọ, á yọ orí níbẹ̀, á wá máa wò mí. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀ igun kan ti já, Ògì ti wọ́ èyí tó já lọ sínú páálí, ó ti fi tẹ́ ìtẹ́. Dòdò kì í dá sí i, oorun ni tiẹ̀. Èmi á tún mú síṣọ́ọ̀sì.

Inú mi sì máa ń dùn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Nínú ilé tí mo dàgbà sí, kò sí abẹ́rẹ́ tí kò lówó lórí. Bá a bá jókòó ti aṣọ lálẹ́, ìyá mi mọ iye tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan máa pa. Mi ò bú wọn o. Owó abẹ́rẹ́ yẹn ló rán mi nílé ìwé. Àmọ́ mo dàgbà láìmọ̀ pé èèyàn lè jókòó rán nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣírò. Bó sì ṣe rí láàárín àwa tá a wà níbí náà nìyẹn. Kí ẹnì kan ṣe kéèkì tó dùn, "Ó yẹ kó o máa tà á." Kí ẹlòmíì ya àwòrán, "Ṣí Instagram fún un." Kí bàbá kan gbin tòmátò sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti ń bá a ka èrè. Àfi bíi pé ìgbádùn tí kò bá mówó wọlé, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Mo mọ ibi tó ti wá: owó iná ń gòkè, ará ilé ń pè, ọwọ́ kan kì í sì í gbẹ́rù dórí. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń to ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tó rẹwà. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ di òwò, kò to ẹyọ kan fún ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ rí. Bí fóònù rẹ̀ bá dún lálẹ́, àyà rẹ̀ á já, ó ti mọ̀ pé oníbàárà ni. Ìyẹn ni mi ò fẹ́.

Eku ò mọ iye nǹkan. Kò mọ àṣà tó lòde, kò ní ní kí n bá òun dín in kù, dandan sì ni kó ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ta ló máa wá bínú sí ìlà ìránṣọ tó wọ́, nígbà tí gbogbo rẹ̀ máa di ìtẹ́ tó bá yá? Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ fún eku ni ọwọ́ mi ti dẹ̀. Mo ti rán ọ̀kan tó dà bí ọkọ̀ ojú omi, mo ti rán òmíràn tó ní yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀. Mo ti fi páálí bàtà kọ́ wọn ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì (wọ́n wó o lóru ọjọ́ kan náà). Bó bá jẹ́ ti títà ni, mi ò jẹ́ dán ọ̀kan wò nínú wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "Eku kẹ̀!" síbí, mo rí yín. Ẹ ò jẹ̀bi. Ọmọ ilé tí wọ́n ti ń fi ẹmọ́ àti òkété se ọbẹ̀ ni wá, tí wọ́n ń dẹ pańpẹ́ sẹ́yìn àpò gàárì fún eku ilé. Babaláwo náà, "eku méjì olùwéré" ló máa ń kà lẹ́bọ. Ó sì dùn mọ́ mi nínú pé méjì ni Ifá pè é, nítorí òfin àkọ́kọ́ nínú eku sísìn ni pé ẹyọ kan kò gbọdọ̀ dá gbé. Eku tó bá dá wà, àárò a máa sọ ọ́ di aláìsàn.

Irú èyí tí mo ń sìn, ìbátan eku ojú gọ́tà Lọ́ńdọ̀nù ni lóòótọ́, Rattus norvegicus. Ṣùgbọ́n láti ayé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ti ń ṣa àwọn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ tí ìwà wọn sì tutù, tí wọ́n ń sìn wọ́n. Jack Black, ọkùnrin tó ń pa eku fún Ọbabìnrin yẹn gan-an, òun náà ló ń yọ àwọn tó láwọ̀ dáadáa sọ́tọ̀, ó ń mú wọn bímọ, ó ń tà wọ́n fáwọn ọmọge tó ń fẹ́ ohun ọ̀sìn. Lọ́dún 1901, obìnrin kan, Mary Douglas, ló jẹ́ kí wọ́n gba eku láàyè níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ní ìlú Aylesbury. National Fancy Rat Society, ẹgbẹ́ àwa tá à ń sin eku, tó wà títí dòní, 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ mi lọ mú eku ilé ní Nàìjíríà o. Èyí tó ń gbé ibà Lassa kiri, Mastomys natalensis, eku mìíràn ni pátápátá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lásán ti tó láti kó àrùn náà ranni. Ọdún 1969 ni wọ́n ti mọ àrùn yìí ní ìlú Lassa ní Borno, Ondo àti Ẹdó sì wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù. Ẹ bo gàárì yín. Kò sí àwàdà níbẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ rò pé eku ò lọ́gbọ́n, ìbátan òkété wa kan wà rí tó ń jẹ́ Magawa. Tanzania ni wọ́n ti kọ́ ọ, Cambodia ló ti lọ ń fi imú wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀, ó sì rí ju ọgọ́rùn-ún bọ́ǹbù àti ohun abúgbàù lọ. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020. Àwa ń fi gbẹ́gìrì jẹ ẹbí rẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì Humboldt ní Berlin. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ kéde pé àwọn kọ́ eku ní eré bojúbojú. Eku á sá pamọ́, èèyàn á wá a. Èèyàn á sá pamọ́, eku á wá a. Wọn ò fún wọn lóúnjẹ tí wọ́n bá borí. Ẹ̀bùn wọn ò ju pé kí wọ́n fi ìka ṣeré fún wọn níkùn, bá a ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ kó lè rẹ́rìn-ín. Àwọn eku náà ń fò sókè, wọ́n ń kọ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ju èyí tí etí wa lè gbọ́. Bí wọ́n bá sì rí ọ tán, wọ́n tún lè sá fún ọ lọ farapamọ́, kí eré má tíì parí. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Mọ́mì gbọ́ ìtàn yẹn lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, wọ́n wá béèrè ta ló ń sanwó fún àwọn onímọ̀ ọ̀hún.

Kò rọrùn o. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni ẹ̀mí wọn mọ, o kò sì tíì mọ̀ wọ́n tán kí wọ́n tó lọ. Èémí máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa wọn sì wọ́n. Bí ara wọn ò bá yá, omi pupa á máa jáde lójú wọn àti nímú, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá fún bíi wákàtí kan lójoojúmọ́ kí wọ́n na ẹsẹ̀, kó wá nǹkan mìíràn sìn.

Ó dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ hámọ́ọ̀kì. Gé àdìrẹ tó o ti fọ̀ àti fílíìsì ní ìwọ̀n kan náà, sẹ̀ǹtímítà 30 ní gígùn àti ní ìbú. Dojú wọn kọra, rán an yíká, ṣùgbọ́n fi ìwọ̀n ọwọ́ kan sílẹ̀ láìrán. Gba ibẹ̀ yí i padà, kó o wá rán ibẹ̀ pa. Lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi òrùka irin sí ihò náà kó má ya, kó o sì fi ìkọ́ irin so ó rọ̀. Má lo okùn, wọ́n á gé e. Ẹni tó bá ṣe é, kó gbé fọ́tò rẹ̀ síbí. Ẹni tó bá béèrè pé èló ni, èmi á dákun-dábọ̀ bẹ Àmàlà kó dá a lóhùn.