Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò fítámì yẹn kí ẹ tó lo oògùn orí fífọ́

Gbólóhùn kan wà tó máa ń bí mi nínú gan-an: "Fítámì lásán ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan." Àwọn tí orí ń fọ́ ní gbogbo ìgbà ló sábà máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní iṣẹ́ ló fà á, wọ́n á ní àìrí oorun sùn ni, wọ́n á wá gbé oògùn ara ríro mì. Ìgò tí wọ́n ń ṣí láràárọ̀ kò tiẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn.

Fítámì A ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kì í bá ìtọ̀ jáde bíi ti fítámì C. Inú ọ̀rá ló ń yòrò sí, inú ẹ̀dọ̀ ló sì ń kó jọ sí. Tó bá pọ̀ jù, omi tó yí ọpọlọ ká lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọpọlọ mọ́ inú agbárí: orí á máa fọ́ burúkú, èèyàn á máa bì, ojú á máa ṣe bàìbàì. Ní 1597, àwọn atukọ̀ Netherlands tí yìnyín há mọ́ ìhà àríwá ayé pẹ̀lú Willem Barentsz tó ń tọ́ wọn sọ́nà jẹ ẹ̀dọ̀ béárì funfun, àìsàn sì dá wọn dùbúlẹ̀, débi pé awọ ara àwọn kan bó. Fítámì A tó kún inú ẹ̀dọ̀ yẹn ni.

Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju 3,000 máíkírógíráàmù lọ lójúmọ́, ìyẹn bí 10,000 IU (ìwọ̀n kan tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò). Ó rọrùn láti kọjá ibẹ̀, torí ìgò kan ṣoṣo kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ti gbogbo ara wà, epo ẹ̀dọ̀ ẹja wà, ti awọ ara tún wà, retinol, ìyẹn fítámì A fúnra rẹ̀, sì lè wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣí wọn jọ, kí ẹ ro iye rẹ̀ pọ̀. (Beta-carotene inú ewébẹ̀, tí ara ń sọ di fítámì A, kì í fa èyí.) Ẹni tó bá ń lo oògùn isotretinoin, tó jẹ́ ìbátan fítámì A, fún irorẹ́ kò gbọdọ̀ fi fítámì A kún un rárá.

Fítámì D tó pọ̀ jù náà ń gbé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ sókè, orí sì lè fọ́. Niacin, ìyẹn fítámì B3, ń mú kí awọ ojú pọ́n kó sì gbóná, òun náà lè fa orí fífọ́. Àwọn tí wọ́n ń tà pé ó ń fúnni lágbára, ẹ wò ó bóyá kaféènì wà nínú wọn. Ọjọ́ tí ẹ kò bá lò ó lorí á fọ́.

Mi ò kórìíra fítámì o. Àwọn dókítà ń lo fítámì B2, 400 mílígíráàmù lójúmọ́, láti dènà túúlu. Ṣùgbọ́n ohun tó lágbára láti wo orí sàn, oògùn ni mo kà á sí.

Tí ojú bá ń ṣe bàìbàì pẹ̀lú orí fífọ́ náà, ẹ má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn ni. Tí dókítà bá sì bi yín pé oògùn wo lẹ ń lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka fítámì mọ́ ọn, kí ẹ kó gbogbo ìgò náà dání.