Ẹ Kọ́kọ́ Sọ Ohun Tí Ẹ Kà

Òbí tó bá ń wádìí nípa ọmọ tí wọ́n ń pè ní transgender, ìyẹn ọmọ tó ń sọ pé òun kì í ṣe akọ tàbí abo tí wọ́n bí òun sí, kì í pẹ́ bá iye méjì pàdé, iye méjèèjì kò sì bára mu. Nínú ìwádìí tí Thomas Steensma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amsterdam, tó jáde lọ́dún 2013, ọmọ 127 ni wọ́n ti gbé wá ní kékeré sí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, 47 péré ló sì ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bàlágà. Nínú ìwádìí ti Kristina Olson, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, ọmọ 317 ló ti yí orúkọ, aṣọ àti ìrísí wọn padà, ìdá 94 nínú 100 wọn ló sì ṣì ń pe ara wọn ní transgender lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dá ọmọ dúró á di ti àkọ́kọ́ mú, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ á di èkejì mú, wọ́n á sì máa jù ú lu ara wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ 80 tó kù ní Amsterdam? Wọn kò padà wá ni. Nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní Nẹ́dálándì nígbà náà, àwọn olùwádìí gbà pé ẹni tí kò padà wá ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ oníbàárà tí kò yà sídìí àtẹ mọ́ lè ti kó kúrò ládùúgbò. Ìlànà tí àwọn dókítà ń lò nígbà náà tún fàyè gbà á pé kí wọ́n ka ọmọkùnrin tó fẹ́ràn bèbí àti aṣọ obìnrin mọ́ wọn, bí kò tilẹ̀ sọ rí pé obìnrin lòun. Ti Olson náà ní ààlà tirẹ̀: àwọn ọmọ tí òbí wọn ti gbárùkù tì, tí wọ́n sì ti yí padà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló kà. A kò lè fi wọ́n díwọ̀n ọmọ tó ṣì ń ṣiyèméjì.

  

Ní England ni ọ̀rọ̀ náà ti ká wa lára jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń darí sí ilé ìwòsàn Tavistock ní London, tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kò tó 250 ní ọdún 2011 sí 2012. Nígbà tó fi di 2021 sí 2022, wọ́n ti lé ní 5,000. Dókítà Hilary Cass, tí NHS England, àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀, gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò ìtọ́jú yìí lé lọ́wọ́ lọ́dún 2020, fẹ́ mọ ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí 9,000 ọ̀dọ́ tó gba ọwọ́ Tavistock kọjá. Ìjọba ṣe òfin lọ́dún 2022 kí àkọsílẹ̀ wọn lè ṣeé yẹ̀ wò. Síbẹ̀, nínú ilé ìwòsàn méje tó ń tọ́jú àgbàlagbà lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí àkọsílẹ̀ àwọn tó ti dàgbà nínú wọn wà lọ́wọ́ wọn, mẹ́fà ni kò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn Cass ṣe jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 láìsí ìdáhùn náà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà.

Lára ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni ìyọ̀ǹda àwọn aláìsàn, ìyẹn kò sì kéré lójú wa, nítorí àwọn èèyàn tí ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n a lè bo orúkọ mọ́lẹ̀ ká sì ka orí. Títí wọn yóò fi ka orí náà, dókítà tàbí olóṣèlú tó bá ń sọ fún òbí pé báyìí-báyìí ni ọmọ rẹ̀ yóò ṣe rí, nítorí 47 tàbí nítorí 94, ohun tí kò mọ̀ ló ń sọ. A fẹ́ kí wọ́n parí iṣẹ́ náà: kí wọ́n ka àwọn tó ń bá ìtọ́jú lọ àti àwọn tó dá a dúró, kí wọ́n sì kọ àwọn tí wọn kò rí mọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn kò rí, kì í ṣe ẹni tó ti yí ọkàn padà.