Ẹ Fi Wáyà Bàbá Sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí oorun sùn. Ìpàdé àdúgbò wa l'Òṣogbo níbí ni mo ti dé láti ìrọ̀lẹ́, inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tú u síbí kó tó di ẹ̀jẹ̀ ríru sí mi lára. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ àti gọ́tà tó dí la bá lọ. Ká tó dórí gọ́tà, wọ́n ti kó lé wáyà Bàbá lórí. Wáyà kan péré o, ti rédíò tí Bàbá aládùúgbò wa yìí fi ń bá àwọn onírédíò ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́ (ham radio lòyìnbó ń pè é)! Ó ti igun òrùlé ilé Bàbá lọ sára igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, kò kọjá sí ọgbà ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún pé kó fi tú u. Ìyá kan ní wáyà náà ló ń fa àrá wá sí àdúgbò. Ẹnì kan ní òun ló ń mú kí tẹlifíṣọ̀n òun máa hó ṣì-ṣì. (Iná wo lẹ fi ń wo tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún?) Ọmọkùnrin kan, tó jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ oṣù mẹ́ta, dìde, ó ní a ò mọ ẹni tí Bàbá ń bá sọ̀rọ̀ lóru, pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ajínigbé náà ń lo rédíò. Alága ló wá sọ èyí tó pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ má bínú o, kí lẹ tún ń fi rédíò ṣe, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ń lo fóònù?"

Ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ṣé àwọn èèyàn yìí mọ̀ pé Òṣogbo la wà? Ìlú aró, ó dáa, ṣùgbọ́n ìlú yìí náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Iná tó ń ti Kánjì bọ̀, tó ń ti Ẹgbin bọ̀, àwọn tó jókòó n'Òṣogbo níbí ló ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru kó má yẹ̀ jìnnà sí 50 Hertz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá yẹ̀ kọjá ààlà, ẹ̀rọ kan á já, á fa èkejì, gbogbo rẹ̀ á dá wó, òkùnkùn á bo Sókótó, á bo Kàlàbá. Lọ́dún 2024 ó dá wó lemọ́lemọ́ débi pé ọmọ mi tó wà ní praimárì ti sọ ọ́ di orin. Àwa tí à ń gbé lẹ́sẹ̀ ibùdó náà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan yìí lè kú pátápátá.

Pé iná lọ, gbogbo wa mọ bá a ṣe ń gbé e. Àbẹ́là wà, sólà wà, jẹnẹrétọ̀ wà fún ẹni tágbára rẹ̀ ká epo. Ti máàsì fóònù ni mi ò rí ẹni rò. Iná lọ, máàsì bẹ̀rẹ̀ sí í mu dísẹ́ẹ̀lì. Dísẹ́ẹ̀lì tán, bátìrì gbé e fún wákàtí díẹ̀. Bátìrì kú, fóònù olówó gọbọi tó wà lọ́wọ́ rẹ di tọ́ọ̀ṣì, tọ́ọ̀ṣì tí kò ní pẹ́ kú náà. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 ni? Wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá já nítòsí Abidjan lọ́hùn-ún, oní-POS n'Ọjà Ọba sì ń wo ojú mi, èmi náà ń wo ojú rẹ̀, ẹ̀fọ́ ti wà nínú ọ̀rá, owó kò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ti Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, fún mi, kó kọ́kọ́ sọ iye tó ń san lóṣù, kó sì sọ iná tó fi ń tàn án. Ẹ má sì sọ ti ìlù gángan. Mo mọ̀ pé àwọn baba wa fi ránṣẹ́. Ìwọ tó o fẹ́ sọ ọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n lù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ìgbà òjò ọdún tó kọjá, ìjì jà lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wó òpó iná mẹ́ta ní òpópónà wa. Ọjọ́ Ajé, a se gbogbo ẹran tó wà nínú fíríìjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n ní katapílà tó ń gbẹ́ ojú títì ti já wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nínú ilẹ̀, àwọn máàsì tó ṣẹ́ kù náà sì ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù mi. Méjèèjì dákẹ́.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra, abẹ́rẹ́ insulin ni wọ́n ń gún. Ìgò tó wà nílẹ̀ ti ń tán, ọjọ́ Ẹtì ni àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, sọ pé òun máa gbé tuntun bọ̀. Nígbà tí mo wo ìgò náà ní Ọjọ́rú, mo rí i pé kò lè dé ọjọ́ Ẹtì. Mo dé ilé oògùn mẹ́ta. Ọ̀kan ní òun kò ní. Àwọn méjì yòókù, kí Ọlọ́run bù kún wọn, sọ òótọ́ fún mi: èyí tó wà nínú fíríìjì àwọn kò dá àwọn lójú mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọláìyá, mo na fóònù sókè bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀. Mo dé Òkè-Fìà. Kò sí. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ti lù, ìyàwó mi wà lájò, ta ni màá fi Màmá tì?

Ibi tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹyẹ tí ìtẹ́ rẹ̀ já ni Bàbá ti pè mí láti fàráńdà wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé?" Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Wọlé, kó o sì bọ́ bàtà."

Mi ò wọ yàrá yẹn rí. Rédíò wọn kò ju Bíbélì àwọn àgbà lọ. Bátìrì mọ́tò kan wà lábẹ́ tábìlì, sólà orí òrùlé ló ń fún un níná, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ariwo. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lára ògiri pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ lójú afẹ́fẹ́, 5N ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí 5N ni ti Nàìjíríà. Káàdì aláwọ̀ mèremère láti Jámánì, láti Japan, láti Brazil yí i ká, ti àwọn tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe èèyàn ní amí, òfin àwọn onírédíò yìí kò gbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wọn o. Ẹnikẹ́ni tó bá ní rédíò tó ń gbé ìgbì wọn lè gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ajínigbé wo ló ń kéde ara rẹ̀ lemọ́lemọ́ báyẹn?

Bàbá na ìwé àti bírò sí mi. "Kọ ohun tó o fẹ́ kó gbọ́. Kó má ju ọ̀rọ̀ 25 lọ."

Mo kọ ojú ewé kan gbáko: àbúrò mi ọ̀wọ́n, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Bàbá fi bírò pa gbogbo ìkíni rẹ́. P&T, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí lẹ́tà àti tẹlifóònù, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí ìjọba tó yọ apá tẹlifóònù rẹ̀ sínú NITEL lọ́dún 1985, wọ́n ní nígbà tẹligíráàmù, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, ẹni tó bá kí ìyàwó kejì nínú tẹligíráàmù, gbèsè ni yóò jẹ wọ ọjà. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí: "Insulin Màmá yóò tán lọ́la. Má dúró de Fráídé. Gbé méjì wá láàárọ̀ nínú fúláàsì oníyìnyín. Fóònù kò ṣiṣẹ́ níbí. Ara Màmá le." Bàbá fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ 23. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà àbúrò mi sísàlẹ̀.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn kan n'Ìbàdàn máa ń pàdé lójú ìgbì rédíò 7 MHz, ojoojúmọ́, yálà ọ̀rọ̀ wà tàbí kò sí. Nígbà tí a ń dúró kí agogo lù, mo béèrè ìdí tí wáyà tó gùn tó ogún mítà fi rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣebí kó ga ló dáa. Bàbá ní rárá. Bó bá ga, ọ̀rọ̀ á gba orí Ìbàdàn fò kọjá lọ sí òkè òkun. Bó bá rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ á lọ sókè tààrà, á kan ohun kan lókè sánmà, á sì rọ̀ padà bí òjò sórí gbogbo ìlú tó wà nítòsí. "Ará òkè òkun kọ́ ló máa wá gbé Màmá ẹ."

Agogo lù. Ohùn kan jáde bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Bàbá ka iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ẹni Ìbàdàn kà á padà, 23 pé. Lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohùn náà tún dé: ó ti pe àbúrò mi lórí fóònù, àbúrò mi ti gbọ́, mọ́tò àkọ́kọ́ ló máa wọ̀. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì kò tíì lù tí àbúrò mi fi já sí wa pẹ̀lú fúláàsì, tó ń bi mí pé bàbá wo ló pe òun lánàá tó ní kí òun ka ọ̀rọ̀ padà bí ọmọ iléèwé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń jókòó ti Bàbá. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé l'Amẹ́ríkà, láti 1933, ó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹfà tí àwọn onírédíò ń kó jáde lọ sínú pápá, tí wọ́n ń fi iná tí wọ́n gbé dání sọ̀rọ̀ fún wákàtí 24, kí nǹkan ọ̀hún lè mọ́ wọn lára. Nígbà tí ìjì Maria ba erékùṣù Puerto Rico jẹ́ lọ́dún 2017, 22 nínú wọn ló wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá Red Cross ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2024 tí ìjì Helene já fóònù àti ọ̀nà lágbègbè òkè North Carolina, ẹ̀rọ àwọn onírédíò tó wà lórí òkè Mount Mitchell làwọn èèyàn fi ń béèrè ara wọn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni o. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Tiwa, ọjọ́ méje la fún un.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo sọ nípàdé. Kò sí. Èmi tí mo ń kọ ìkọkúkọ yìí jókòó sórí àga rọ́bà, mo ń wo ilẹ̀. Èmi náà jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ, oṣù méjì, mi ò fẹ́ kí Alága rántí.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo ra búrẹ́dì, mo lọ bẹ Bàbá. Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ wọn Ìbàdàn ti mú un lọ sí Kánádà kí ọyẹ́ tó dé. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Bàbá ṣì máa ń pè, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń hó. Wọ́n ti gbìyànjú láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá, ọ̀kan béèrè bóyá wọ́n lè gbé e sórí TikTok, wọn ò wá mọ́. Bàbá wá bi mí, láìsí ẹ̀gàn nínú rẹ̀: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tún lọ lọ́la, ta ni àwọn fẹ́ pè? Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Ìbéèrè tí Alága béèrè kọ́ nìyẹn, àmọ́ kò jìnnà sí i, ohun tó sì ń jẹ́ kí n máa bínú jù nìyẹn báyìí.

Bí mo ṣe fẹ́ jáde, Bàbá ní kí n wá bá àwọn di àkàbà mú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé àwọn fẹ́ gun òkè lọ síbi wáyà náà. Mo ní ó dáa. Mi ò bi wọ́n bóyá a fẹ́ tú u ni, tàbí a fẹ́ gbé e ga sí i.