Èsì wa sí oníbàárà tó ní ayédèrú matte box la tà fún òun

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá àyè kọ̀wé sí wa. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fún wa, a ti rí i, àwọn tó fẹ́ wá rajà lọ́la náà ti rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu tiwa, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ ní matte box, àpótí iwájú lẹ́ńsì tó ń dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, tó sì ń gbé gíláàsì fíltà, tẹ́ ẹ rà ní ₦185,000 já bọ́ lẹ́nu lẹ́ńsì nígbà tẹ́ ẹ ń ya fíìmù l'Ábẹ́òkúta, pé igun àwòrán yín dúdú, pé ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn. Ẹ ní ọmọ tó tajà fún yín ń tẹ fóònù. Ẹ wá fi "ayédèrú ni wọ́n ń tà" dé e lórí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo ṣí ìwé ìtajà wa. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, aago mẹ́rin ti lù. Àbúrò yín ló wá sí ṣọ́ọ̀bù wa n'Íkẹjà, ẹ̀yin kọ́. Kò gbé kámẹ́rà dání, kò gbé lẹ́ńsì dání. Fọ́tò lẹ́ńsì ló wà lórí fóònù rẹ̀, fóònù yẹn gan-an sì ni ọmọ wa ń tẹ̀, ó ń fẹ fọ́tò náà lójú kó lè ka nọ́ńbà ara lẹ́ńsì náà, èyí tó ń sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà. Nọ́ńbà náà ò hàn. Ó ní kí àbúrò yín pè yín, ó pè yín lójú gbogbo wa, ẹ sì dáhùn pé, "77 ni, ẹ má dà á láàmú." A fún un ní òrùka 77, èyí tó ń so matte box mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Ọmọbìnrin tó ń kọ rìsíìtì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé "òrùka 77, lẹ́ńsì kan." Rìsíìtì náà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wò ó.

Nígbà tí mo rí fọ́tò tẹ́ ẹ fi ti ẹ̀sùn yín lẹ́yìn, èmi náà fẹ̀ ẹ́ lójú. Lẹ́ńsì 16-35 mílímítà ló wà lórí kámẹ́rà, 82 sì hàn ketekete létí ẹnu rẹ̀. Òrùka 77 kò lè wọ ẹnu 82 láéláé. Téèpù dúdú lẹ fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ téèpù náà tiẹ̀ ti ń ṣí nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù tẹ́ ẹ gbé kọ́ téèpù yẹn lọ́rùn. Matte box nìkan wọn 480 giramu lórí òṣùwọ̀n wa. Gíláàsì ND méjì, fíltà dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, lẹ kì bọ̀ ọ́, 4x5.65 íǹṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó 150 giramu. Mi ò sì bá yín jà pé ẹ lo méjì. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán nídìí Olúmọ, tẹ́ ẹ bá fi ISO 800 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) àti 1/50 ìṣẹ́jú àáyá yàwòrán, tẹ́ ẹ sì fẹ́ dúró lórí f/4 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ máa gé kúrò tó stop 8; stop kan ni ká gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì. ND 1.2 kan gé 4, méjì gé 8. Ìṣirò yín pé. Àmọ́ ẹrù tó ń lọ sí 800 giramu kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹnu lẹ́ńsì fọ́tò, ká má tíì sọ ti téèpù. Orí ọ̀pá tí wọ́n ń so mọ́ ìdí kámẹ́rà ló yẹ kó jókòó sí. Ọmọ wa sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò yín, ó tilẹ̀ gbé ọ̀pá 15 mílímítà síwájú rẹ̀, àbúrò yín ní owó ọwọ́ òun kò tó. A kì í fi tipá tajà fún èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá ra ọ̀pá, ẹ fi rúlà wọn ìdí kámẹ́rà yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Láti àárín ọ̀pá kan sí àárín ìkejì, ti 15 kékeré (fún kámẹ́rà fúyẹ́) jẹ́ 60 mílímítà, ti 15 studio (fún kámẹ́rà ńlá) jẹ́ 100, ti 19 jẹ́ 104. Ọ̀kan kì í wọ ti èkejì.

Ti igun dúdú, ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí: lórí full frame (kámẹ́rà tí ojú inú rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35 mílímítà), tí tíréè méjì tí wọ́n ń ki fíltà sí bá wà níbẹ̀, lẹ́ńsì 24 mílímítà lọ sókè. Ẹ̀yin fi 16 yà á, ó fẹ̀ débi pé etí àpótí wọ àwòrán. Ó parí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ló kù, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ tọrọ àforíjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16, mo ṣí dúrọ́ọ̀ abẹ́ káúńtà, mo bá òrùka rọ́bà kan níbẹ̀, èyí tó ń dí àlàfo ẹ̀yìn matte box kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé. Ti yín ni. Ọmọ tó tú páálí fi han àbúrò yín kò dá a padà sínú rẹ̀. Mo gbé ẹgbẹ́ matte box yín tó kù nílẹ̀, mo dé e mọ́ lẹ́ńsì láìsí rọ́bà, mo pa iná ṣọ́ọ̀bù, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Àmì funfun kan yọ láàárín ojú kámẹ́rà, bí ojú ológbò lóru: ìmọ́lẹ̀ ń ta lu ẹ̀yìn gíláàsì, ó ń padà sínú lẹ́ńsì. Mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó pòórá. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn, òótọ́ ni, ọwọ́ wa ló sì ti wá. Inú mi bàjẹ́ sí i.

Àmọ́ rọ́bà tí a gbàgbé kò sọ ọjà di ayédèrú. Ẹ wo inú ayédèrú, dúdú rẹ̀ máa ń dán bíi bàtà tuntun. Ẹ wo inú tiwa, dúdú rẹ̀ kú ni, kì í dán. Tíréè rẹ̀ ní ìdè tó ń ti fíltà pa. Ẹ fi gíláàsì tó nípọn 4 mílímítà sí i, kẹ́ ẹ mì ín, kò ní dún. Tó bá ń dún lọ́wọ́ yín, fíltà fọ́tò oní-2 mílímítà lẹ fi sí i.

Ẹ gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Rọ́bà yín wà nílẹ̀, òrùka 82 ọ̀fẹ́ ni, n ó yá yín ní ọ̀pá títí iṣẹ́ fíìmù yín á fi parí, n ó sì san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ yín. A ó pa iná, a ó jọ tan tọ́ọ̀ṣì náà. Tí àmì funfun yẹn bá tún yọ, n ó dá ₦185,000 yín padà kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wá o, ẹ má rán àbúrò yín. Gbogbo lẹ́ńsì yín ni kẹ́ ẹ gbé dání, torí fọ́tò kì í wọ òrùka.