Àtúnṣe: Ẹ̀rọ kò tíì gba ipò òbí tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀dọ̀
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ẹ̀rọ kan ti dé tó lè tọ́jú ẹ̀dọ̀ pa mọ́ níta ara fún ọdún gbáko, pé dókítà tó bá ní kí ìyá gé nínú ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ fún ọmọ, jìbìtì ló ń ṣe. Irọ́ ni, ó sì lè gbẹ̀mí ọmọ.

Ẹ̀rọ wà lóòótọ́. Dípò kí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n yọ lára olóògbé wà nínú yìnyín, ẹ̀rọ náà á máa tú ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn gba inú rẹ̀ kọjá ní ìwọ̀n ooru ara, àwọn dókítà á sì máa wò ó bóyá ó ń ṣe òróǹro. Ṣùgbọ́n wákàtí ni wọ́n fi ń ka àkókò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní Zurich, ní Switzerland, ní 2021 tó pẹ́ gan-an, ọjọ́ 3 ni, àgbàlagbà ni wọ́n sì fi ẹ̀dọ̀ náà sí lára.

Lára àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí lórí ẹ̀rọ yìí. Ohun tí àwọn dókítà ọmọdé ń retí ni kí ẹ̀rọ fún wọn láyè láti pín ẹ̀dọ̀ kan sí méjì láìkánjú, kí ọmọ gba apá kékeré, kí àgbà gba ìyókù. Ẹ̀dọ̀ òbí ní tirẹ̀ kì í pẹ́ níta ara, wọ́n sì lè dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kí àìsàn tó wọ ọmọ náà lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá pè yín fún àyẹ̀wò bóyá ẹ lè fún ọmọ yín ní ẹ̀dọ̀, ẹ lọ.