Berthe Morisot kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Manet

Wọ́n tún ti gbé e dé: "Berthe Morisot, akẹ́kọ̀ọ́ Manet." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ayàwòrán ará Faransé ni àwọn méjèèjì. Ṣé ẹ kì í ka ọdún ni?

Ọdún 1841 ni wọ́n bí Berthe ní ìlú Bourges. Òun àti Edma ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Joseph Guichard, kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ Corot, ayàwòrán mìíràn. Ní 1864, Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ti ìjọba ní Paris, gba iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà wo ló wá mọ Édouard Manet? 1868! Ayàwòrán Fantin-Latour ló mú wọn mọra ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris. Ẹni tó ti ṣe fíríídọ̀mù tipẹ́ lẹ ń wá ọ̀gá fún.

Ẹ gbọ́ ti 1870 ná. Berthe ya ìyá rẹ̀ àti Edma, ó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí Salon. Manet wá wò ó, ó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ aṣọ ìyá, ó gòkè sí àyà, ó dé orí, kò dáwọ́ dúró títí ọmọlanke tó fẹ́ gbé àwòrán lọ fi dé. Inú Berthe bàjẹ́ gidigidi. Àwòrán náà wà ní National Gallery of Art ní Washington; ẹ wo aṣọ dúdú yẹn, kẹ́ ẹ wo ìyókù, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ẹni méjì ló ṣe é. Èmi náà ń kun àwòrán, ẹnìkan sì ti bá mi "tún un ṣe" rí láì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á dúpẹ́. Èmi ò dúpẹ́.

Nígbà tí àwọn ayàwòrán bíi Claude Monet (kì í ṣe Manet o) àti Degas dá ìpàtẹ tiwọn sílẹ̀ ní 1874, Manet kọ̀, kò bá wọn ṣe é rí. Berthe bá wọn ṣe é. Nínú ìpàtẹ mẹ́jọ tí wọ́n ṣe, ti 1879 nìkan ló pa jẹ, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Julie ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹ ní Manet yà á láìmọye ìgbà, ẹ ní Eugène àbúrò Manet ló fẹ́. Ìyẹn wá sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́? Ó dáa, ó rí nǹkan kọ́ lára iṣẹ́ Manet. Manet náà rí nǹkan kọ́ lára tirẹ̀.

Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Manet lẹ ń wá, ayàwòrán Eva Gonzalès ni. 1869 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀.